Òdo Kọ́ ni Null: Kíláàsì Tó Ń Ka Máàkì Nínú Access

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ló ti bá VBA pàdé nínú Access, yálà nítorí prójẹ́ẹ̀tì ọdún ìkẹyìn tàbí ní ọ́fíìsì kan tó ṣì ń lo ètò àtijọ́. Kóòdù tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò jẹ́ kíláàsì tó ń ka máàkì akẹ́kọ̀ọ́ láti inú tábìlì. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé e wá, àṣìṣe méjì ló sì ń dà á láàmú.

Àkọ́kọ́ yọjú níbi tó ti ń ṣí tábìlì:

Dim rs As Recordset
Set rs = CurrentDb.OpenRecordset("Maaki")

VBA dáhùn pé "Type mismatch", àṣìṣe 13. Kò sí ohun tó ṣe tábìlì náà. DAO ní Recordset tirẹ̀, ADO náà ní tirẹ̀, ti DAO sì ni CurrentDb ń fúnni. Bí ADO bá wà lókè DAO nínú References, tàbí tí DAO kò sí níbẹ̀ rárá, ti ADO ni "Recordset" lásán yóò jẹ́. Access 2000 àti 2002 kì í tilẹ̀ fi DAO sí fáìlì tuntun. Ìdí nìyẹn tí kóòdù tí a dà kọ láti inú fáìlì àtijọ́ fi ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Bí Táíwò bá pé méjì nínú yàrá kan, orúkọ bàbá la ó fi mọ̀ wọ́n:

Dim rs As DAO.Recordset

Ẹ má sì kọ "Dim rs1, rs2 As DAO.Recordset" o. rs2 nìkan ni yóò jẹ́ Recordset. Variant ni rs1.

Ìyẹn rọrùn. Èkejì ló gba ìrònú:

mMaki = rs!Maki

Integer ni wọ́n pe mMaki. Nígbà tó kan akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò tíì tẹ máàkì rẹ̀ wọlé, ètò náà dúró: "Invalid use of Null", àṣìṣe 94. Variant nìkan ló lè gba Null nínú VBA. Ọ̀rẹ́ mi ti rí oògùn tirẹ̀, ìyẹn Nz(rs!Maki, 0), àṣìṣe náà sì pòórá lóòótọ́. Èmi kò gbà á fún un. Ẹni tó gba òdo ti ní máàkì, bó tilẹ̀ burú. Ẹni tó ní Null, ó ṣeé ṣe kí ìwé ìdánwò rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ olùkọ́. Ẹ wo ẹni tó ní 60 àti 70, tí ìkẹta kò tíì jáde. Avg nínú SQL máa ń fo Null, 65 ni yóò fún un. Bí a bá sọ Null yẹn di òdo, ó di 43.3. Ta ni yóò fi 43.3 wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́?

Variant ló yẹ kí mMaki jẹ́, kí Property Get tó ń gbé e jáde náà sì jẹ́ Variant, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àṣìṣe 94 yóò ṣí lọ. Níbi tí a ti ń tẹ èsì jáde:

If IsNull(mMaki) Then
    sEsi = "Kò tíì jáde"
Else
    sEsi = CStr(mMaki)
End If

"If mMaki = Null" kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Ohunkóhun tí a bá fi wé Null, Null ni yóò dá padà, kódà Null fúnra rẹ̀, If yóò sì kà á sí False. Kò ní pariwo rárá. Òun ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn.

Nz ní àyè tirẹ̀ o. Nz(rs!Foonu, "") kò pa ẹnikẹ́ni lára nígbà tí a bá ń tẹ lẹ́tà. Ní ti máàkì, a tún kíláàsì náà ṣe, orúkọ mélòó kan sì jáde pẹ̀lú "Kò tíì jáde". Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, ó sì gbé e lọ bá àwọn olùkọ́ tó ni iṣẹ́ náà.