Rọ́bà gáàsì gba abẹ́ ilẹ̀kùn

Ìbéèrè: Sílíńdà gáàsì wa wà níta, rọ́bà rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sídìí sítóòfù. Mo máa ń gbóòórùn gáàsì lálẹ́. Ṣé kí n fi ọ̀rá dì í? Ìyá Ìbejì, Omifunfun.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rá dì í, ẹ má sì dáná sí i mọ́. Ilẹ̀kùn tó ń tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ yóò là á, eku náà sì lè gé e jẹ. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀gún sí.

Ẹ ti orí sílíńdà pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á.

Ẹ ra rọ́bà tuntun tí wọ́n kọ LPG sí lára, kó má ju mítà 1.5 lọ, kí irin sì dì í mú lórí méjèèjì. Bí sílíńdà yóò bá wà níta, páìpù bàbà ni kó gba ara ògiri wọlé. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ gáàsì ni kẹ́ ẹ pè láti Ore, kì í ṣe púlọ́mbà omi. Kó fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù lójú yín: ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé.

Bí òórùn náà kò bá lọ, ẹ kó àwọn ọmọ jáde ná, kí ẹ tó pe 112.