Ọ̀rọ̀-ìperí fún Ìtọ́jú Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù: Ọ̀ràn Ọ́ìlì, Omi àti Oje

1. Ìfáárà

Ní Ìlú-Àbò ní ẹkùn Àkúrẹ́, àti ní àwọn ọ̀nà oko tí ó lọ dé agbègbè ìlú Oǹdó, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kì í ṣe ohun afẹ́. Òun ni ó ń kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu láti oko wá sí ọjà. Láti ọdún 1975 tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná ni orúkọ 504 ti di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Lónìí, Toyota Hilux àti oríṣiríṣi tòkunbọ̀ ni ó wà lójú títì.

Ìwé ìtọ́ni tí ó máa ń bá àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí wá kì í ṣe ti èdè Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ̀ nípa ọkọ̀ wọn, ẹnu mẹkáníìkì ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ ribiribi. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé èdè Yorùbá tó fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984; èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ó jẹ àwọn ìwé méjèèjì yìí lógún jù. Èdè ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ igi mẹkáníìkì. Ète àlàyé yìí ni láti yẹ èdè náà wò, kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè mọ èyí tí ó yẹ ní mímú lò àti èyí tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá.

2. Ìtọ́jú yàtọ̀ sí àtúnṣe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kókó ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọkọ̀ nìyí: kí ojú máa wà lára ọkọ̀ kí ó tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ fún un ni sáfíìsì, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti súnkì. Bí awakọ̀ bá ní òun ti ṣe sáfíìsì, ohun tí ó sábà ń sọ ni pé òun ti pààrọ̀ ọ́ìlì. Kò sọ pé òun wo bíréèkì tàbí táyà. Ìtọ́jú nìkan kò sì tó, nítorí pé wọ́n ń tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú, àìsàn sì ti dé kí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìtọ́jú-ìdènà ni ó bá a mu: ìtọ́jú tí ó ń dènà ìbàjẹ́. Àtúnṣe ni ti ohun tí ó ti bàjẹ́.

3. Ọ́ìlì mẹ́ta lábẹ́ orúkọ kan

Ibí yìí ni ọ̀ràn ti le jù. Nínú èdè mẹkáníìkì, ọ́ìlì ni ti ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ni ti jíà, ọ́ìlì náà sì ni ti bíréèkì. Bí ọ̀gá bá wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ó sì pàṣẹ pé, “Bu ọ́ìlì sí i,” ọmọṣẹ́ tí ó gbọ́n yóò bèèrè pé, “Ọ̀gá, ọ́ìlì wo?” Ẹni tí ó ń ka ìwé kò ní ọ̀gá tí yóò bi. Ohun tí ìwé bá pè ní ọ́ìlì ni yóò bù.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ti písítìnì kan nínú sìlíńdà. Písítìnì náà ń ti ohun olómi tí ó kún inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí pé ohun olómi kì í fẹ́ẹ́ ṣeé fún pọ̀, agbára ẹsẹ̀ náà ń dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára ike rẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Kẹ́míkà ẹ̀yà gláíkọ́ọ̀lù ni. Rọ́bà tí ó dí ojú sìlíńdà, irú kẹ́míkà yẹn ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá kan rọ́bà náà, yóò wú, yóò sì rọ̀. Bíréèkì lè há, ó sì lè já pátápátá nígbà tí ọkọ̀ ru kòkó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Orúkọ wo ni ó yẹ kí ó jẹ́? Epo kò bá a mu, nítorí pé epo ni bẹntiróòlù àti dísù. Òróró ń tọ́ka sí ọ̀rá, ohun yìí kò sì ní ọ̀rá. Omi léwu jù wọ́n lọ: ohun yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí omi bá sì pọ̀ nínú rẹ̀, yóò tètè hó. Oru omi ṣeé fún pọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò kàn rì wọlẹ̀ lásán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ fi ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2-2. Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni oje. Oje ni ohun olómi tí ó wà nínú ara nǹkan, bí oje igi. Kò sì sí ohun mìíràn nínú ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oje bíréèkì ni àbá yìí.

Ẹnìkan lè wí pé ọ́ìlì bíréèkì ti mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Òótọ́ ni. Kí olùkọ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé oje bíréèkì ni ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́ìlì bíréèkì. Lẹ́yìn èyí, kí ó máa lo oje nìkan.

4. Arọ́pò-orúkọ àti ìdérí rédíétọ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni ó ń fa jàǹbá. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Má ṣí ìdérí rédíétọ̀ bí ó bá gbóná.” Kí ni ó gbóná? Ìdérí ni, tàbí rédíétọ̀, tàbí ẹ́ńjìnnì? Arọ́pò-orúkọ ó kò fi èyí hàn. Ẹni tí ó fọwọ́ kan ìdérí, tí kò gbóná púpọ̀ lójú rẹ̀, lè ṣí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi inú rédíétọ̀ wà lábẹ́ ìfúnpá, ó lè gbóná kọjá 100°C láìhó. Bí ìdérí bá ti ṣí, yóò hó lọ́gán, yóò sì tú sí onítọ̀hún lójú. Ìtumọ̀ tí kò ní pọ́n-na ni: “Má ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi tutù pátápátá.” Ní ibi tí ewu bá wà, kí ògbufọ̀ tún ọ̀rọ̀-orúkọ pè, kí ó má gbára lé arọ́pò-orúkọ.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù

Gééjì náà jẹ́ pọ́n-na: irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì ń jẹ́ gééjì, ohun tí fọ́kánásà fi ń wọn táyà náà ń jẹ́ gééjì. Ti fílítà rọrùn, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó ti sẹ́ gàrí rí mọ asẹ́. Ìlànà tí ó wà nídìí àtẹ yìí ni pé kí ọ̀rọ̀-àyálò dúró níbi tí kò bá ti rú ènìyàn lójú, kí ọ̀rọ̀ Yorùbá sì gba ipò rẹ̀ níbi tí ó bá ti rú wọn lójú tàbí tí ti Yorùbá bá ti ṣe kedere jù ú lọ.

sáfíìsì: ìtọ́jú-ìdènà
ọ́ìlì bíréèkì: oje bíréèkì
gééjì ti ọ́ìlì: ọ̀pá-ìwọn ọ́ìlì
gééjì ti táyà: òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́
fílítà: asẹ́ ọ́ìlì, asẹ́ afẹ́fẹ́
táyà, bátìrì, rédíétọ̀, bíréèkì: kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀

6. Àpẹẹrẹ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Lójoojúmọ́, kí ọkọ̀ tó gbéra: Dá ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì sì wà ní pípa. Fa ọ̀pá-ìwọn ọ́ìlì yọ, nù ún, tì í padà, kí o tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Wo omi rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: Wo oje bíréèkì. Bí oje bíréèkì bá ń dín kù, bóyá ó ń jò ni, tàbí kí bíréèkì ti jẹ. Má kàn bu òmíràn sí i láìwá ìdí rẹ̀. Fi òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ wọn táyà kí ọkọ̀ tó rìn. Bí ọkọ̀ yóò bá ru ẹrù, táyà ẹ̀yìn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ bá ti là á sílẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn: Gbọn eruku kúrò lára asẹ́ afẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè. Ọ̀nà oko eléruku àti ẹrù wúwo ń mú kí àsìkò àtipààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yá ju ti ọkọ̀ ìgboro lọ.

7. Ìkádìí

Ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ èdè. Nínú ìwé lítíréṣọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣe déédéé lè da àríyànjiyàn sílẹ̀. Nínú ìwé ìtọ́ni ọkọ̀, ó lè gba ẹ̀mí. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ tó wọ ìwé, ó yẹ kí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí wọ́n kà á sí i létí, kí wọ́n sì wò ó bóyá ike tí ó yẹ ni yóò nawọ́ sí.