Ẹ Ṣọ́ra fún Oògùn Tí Wọ́n Ní Ó Ń Sọ Àgbà Di Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin òbí wa, àti ẹ̀yin tí ewú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sí lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó oògùn tí wọ́n ní ó ń mú tẹ́lómíà gùn.

Tẹ́lómíà kì í ṣe àròsọ. Òun ni ìpẹ̀kun krómósómù inú sẹ́ẹ̀lì wa, bí ìṣẹ́tí aṣọ tí kì í jẹ́ kí òwú tú. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń pín ló ń kúrú. Ní 1961, Leonard Hayflick àti Paul Moorhead fi hàn ní Amẹ́ríkà pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń sìn nínú ìgò kì í pín ju bí ìgbà 40 sí 60 lọ. Ẹ́ńsáìmù tó ń tún ìpẹ̀kun náà ṣe ni tẹ́lómírésì. Ọjọ́ Kérésìmesì 1984 ni Carol Greider rí àmì rẹ̀ ní yàrá ìwádìí Elizabeth Blackburn. Àwọn méjèèjì àti Jack Szostak gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Ẹ̀bùn yìí gan-an ni àwọn ọlọ́jà ń nà sí wa lójú.

Ohun tí wọn kì í sọ ló ń bà mí lẹ́rù. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì àgbàlagbà, ara fúnra rẹ̀ ló dá tẹ́lómírésì dúró, kò sì ṣe é lásán: sẹ́ẹ̀lì tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́ pípín, jẹjẹrẹ ló ń dà. Bí 85 sí 90 nínú 100 jẹjẹrẹ ni ẹ́ńsáìmù yìí ti ń ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú tẹ́lómíà tó kúrú jù, tí ẹ̀dọ̀fóró tàbí mùdùnmúdùn eegun wọn ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà onímọ̀ pàtàkì ló ń tọ́jú wọn, kì í ṣe ẹni tó ń polówó lórí fóònù. Ní 2018, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irú oògùn yìí pé kò ní ẹ̀rí tó tó fún ohun tó ń kéde.

Ẹ fi owó yẹn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn náà, kó gbé ìgò rẹ̀ lọ han dókítà.