Ìdí Tí Etí Àwọn Ọmọ Kan Fi Ń Ṣọyún Léraléra

Ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé omi ìwẹ̀ ló ń mú kí etí ọmọ máa ṣọyún léraléra. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ lè wà nínú ara ọmọ fúnra rẹ̀.

Bí kòkòrò àrùn bá dé àárín etí, ara a máa pèsè èròjà tí yóò bá a jà, a sì máa rántí rẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Ìwádìí tí Michael Pichichero àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé lára àwọn ọmọ kan tí àrùn yìí ń ṣe lemọ́lemọ́, èròjà náà kì í pọ̀ tó, ìrántí náà kì í sì í lágbára. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni agbára yìí ń gbèrú.

Ẹ fún ọmọ lọ́mú dáadáa, kí ẹ sì mú èéfín sìgá jìnnà sí i. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà fún un ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, nítorí ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tí ń fa òtútù àyà a máa mú etí pẹ̀lú. Ẹ má ṣe kán òróró sí etí tí ń ṣọyún. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ tètè gbé ọmọ lọ, kí etí rẹ̀ má baà di.