MỌ́TÒ ẸLẸ́SẸ̀ MẸ́RIN: ẸSẸ̀ MÉLÒÓ NÍ Ń ṢIṢẸ́?

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ń dáko tàbí tí ẹ ń ṣòwò. Àwọn kan nínú yín wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ń dá owó jọ láti ra mọ́tò tí yóò máa kó kòkó, ẹ̀gẹ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta mọ́tò, ó lè bi yín pé: "Ṣé fọ́-wíìlì lẹ fẹ́, àbí èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì?" Ẹ má ṣe dáhùn kíá. Owó ńlá wà nínú ìdáhùn yẹn, ẹ̀mí ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Oríṣìí mọ́tò

Gbogbo mọ́tò wọ̀nyí ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú gbogbo wọn ni ẹ́ńjìnnì ti ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú àwọn kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Àwọn ni ń ti mọ́tò lọ. Iṣẹ́ àwọn ti iwájú ni kí wọ́n yà sí ibi tí awakọ̀ bá darí wọn sí. Bẹ́ẹ̀ ni Peugeot 504 rí, èyí tí ó jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ tí ń to Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, mọ́tò yìí sì gbé èrò láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré òde òní, ẹsẹ̀ iwájú ni ń fà wọ́n.

Nínú àwọn mìíràn, ẹ́ńjìnnì lè yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oríṣìí méjì ni wọ́n. Nínú èkíní, awakọ̀ ni yóò fa ọ̀pá kékeré kan, tàbí kí ó yí kókó kan, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ Toyota Hilux tí ó jẹ́ fọ́-wíìlì rí bẹ́ẹ̀. Nínú èkejì, mọ́tò fúnra rẹ̀ ni ń pín agbára fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Awakọ̀ kò ní í fa nǹkan kan.

Ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́rin ti wúlò

Bí mọ́tò bá rì sínú ẹrẹ̀, tí ènìyàn méjì ń tì í, ó lè má mira. Bí ènìyàn méjì mìíràn bá bọ́ síwájú láti fà á, yóò jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti mọ́tò yìí. Nígbà òjò, lójú ọ̀nà oko kòkó tí ó gun òkè, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń yí lásán, ẹsẹ̀ iwájú lè fà á kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fojú kéré mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù náà ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ náà a sì di ilẹ̀ mú. Bí ó bá ń gun òkè, ìwúwo rẹ̀ a tún padà sẹ́yìn. Ìgbà tí ó ṣófo ni ìyọnu rẹ̀ pọ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ẹrẹ̀ díẹ̀ lè dá a dúró. Bí ojú ọ̀nà bá sì tutù, tí awakọ̀ tẹ iná jù níbi tí ọ̀nà ti yí, ìdí mọ́tò lè fò kúrò lọ́nà.

Ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́rin kò ti lè gbà wá

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí òun ni gbòǹgbò ẹ̀kọ́ wa. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ń ṣiṣẹ́ máa ń jẹ́ kí mọ́tò gbéra dáadáa. Kò jẹ́ kí ó tètè dúró. Bíréèkì ni ń dá mọ́tò dúró, mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì náà sì ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Awakọ̀ fọ́-wíìlì a máa rí i pé mọ́tò òun gbéra nínú òjò láìyọ̀. A wá rò pé ọ̀nà kò yọ̀ rárá, a sì máa sáré. Bí ọmọdé bá já sójú ọ̀nà lójijì ńkọ́? Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì yóò gbà kí mọ́tò tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí mọ́tò tí ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan bá dúró láàárín mítà 10, bí ó bá ń sá 80, yóò tó mítà 40. Lójú ọ̀nà tútù, yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Táyà nìkan ni ó kan ilẹ̀. Mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì tí táyà rẹ̀ dára sàn lójú òjò ju fọ́-wíìlì tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ wo ara táyà kí ẹ tó rà á. Lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìgbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tí ó ti gbó lè dán lójú, kí ó sì bẹ́ lọ́nà.

Owó àti ìtọ́jú

Irin inú fọ́-wíìlì pọ̀ jù, ó sì wúwo jù. Nítorí náà epo tí ó ń mu a máa pọ̀ jù, àtúnṣe rẹ̀ a sì wọ́n jù. Nínú oríṣìí kejì, èyí tí kò ní ọ̀pá, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí a bá fi táyà titun méjì síwájú, tí méjì tí ó ti jẹ wà lẹ́yìn, yíyí wọn kò ní í bára mu, èyí sì lè ba irin inú rẹ̀ jẹ́.

Bí mọ́tò yín bá jẹ́ oríṣìí tí ó ní ọ̀pá tàbí kókó, ẹ ka ohun tí a kọ sí i. 2H ni ẹsẹ̀ méjì, fún ọ̀nà ọlọ́dà. 4H ni ẹsẹ̀ mẹ́rin, fún ọ̀nà tí ń yọ̀. 4L ni ẹsẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú agbára púpọ̀ àti eré díẹ̀, fún ẹrẹ̀ tí ó jìn. Ẹ má ṣe lo 4H tàbí 4L lójú ọ̀dà gbígbẹ, nítorí bí mọ́tò bá yà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Irin inú rẹ̀ á wá máa bá ara wọn jà títí wọn yóò fi bàjẹ́.

Báwo ni a ó ṣe yàn?

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Ọjọ́ mélòó nínú oṣù ni a ń gba inú ẹrẹ̀? Kìlómítà mélòó ni a ń rìn lójú ọ̀dà? Mẹkáníìkì wo nítòsí ni ó mọ fọ́-wíìlì tún ṣe?

Bí ọ̀nà yín bá le, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì tó yín. Ẹ fi owó tí ó kù ra táyà tí ó dára, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀nà gbẹ kí ẹ tó kó ẹrù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bí ẹrẹ̀ bá wà lọ́nà yín fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí mọ́tò kan ṣoṣo náà ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, ẹ ra fọ́-wíìlì. Kòkó lè dúró di ọ̀la. Aboyún tí ń rọbí kò lè dúró de ọ̀nà kí ó gbẹ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ sọ fún awakọ̀ yín pé kí ó rọra sáré.

Ìbéèrè

1. Kí ni ń dá mọ́tò dúró?
2. Nígbà wo ni mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì máa ń tètè yọ̀?
3. A rí 1421 lára táyà kan. Ọ̀sẹ̀ wo, ọdún wo ni a ṣe é?
4. Kí ni ìtumọ̀ 2H, 4H àti 4L?
5. Mọ́tò wo ni ó yẹ ọ̀nà oko tiyín? Ẹ kọ ìdí méjì sílẹ̀.