Sáré-Sinmi: Ṣé Ó Dára fún Àwọn Tó Ní Àìsàn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́?

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí irú eré ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní HIIT. Èmi á máa pè é ní sáré-sinmi, torí bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Èèyàn á fi agbára ṣe é fún ìgbà díẹ̀ títí á fi máa mí hẹlẹhẹlẹ, á wá dẹwọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà téèyàn bá sáré o. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, gígun òkè náà wà níbẹ̀. Àwọn eléré ìje ti ń ṣe é tipẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn olùwádìí ti ń dán an wò fún àwọn tó ní àìsàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀, bí àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn.

Láyé àtijọ́, tí ọkàn èèyàn ò bá lágbára mọ́, wọ́n á ní kó lọ sinmi ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007, Ulrik Wisløff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Trondheim, ní orílẹ̀-èdè Norway, gbé ìwádìí kan jáde. Èèyàn 27 tí ọkàn wọn ò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ọjọ́ orí wọn tó ọdún 75 tá a bá pín in dọ́gba. Ẹ gbọ́ o, 75! Àwọn kan ń rìn kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 4, wọ́n á rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn kejì ń rìn níwọ̀nba láìdúró. Àwọn kẹta gba ìmọ̀ràn dókítà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n wọn bí ara wọn ṣe lè lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó. Ti àwọn sáré-sinmi lọ sókè ní ìdá 46 nínú 100, ti àwọn tó ń rìn níwọ̀nba sì jẹ́ ìdá 14.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ti McMaster University ní Kánádà, ní 2011, torí pé màmá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n máa ń gún ìka wọn láti mọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, mo sì mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí tí nọ́ńbà yẹn bá ga. Ní Kánádà, àwọn alátọ̀gbẹ gun kẹ̀kẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n dẹwọ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣúgà wọn sọ̀kalẹ̀ láti 7.6 sí 6.6, bí wọ́n ṣe ń kà á níbí ní Britain. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ṣúgà látinú ẹ̀jẹ̀, kódà tí ínsúlínì ò bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Àǹtí wa ní kí n ka èèyàn tó wà nínú ìwádìí náà. Mẹ́jọ ni wọ́n! Kíláàsì wa nìkan jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká wo ńlá. Ní 2017, wọ́n gbé ìwádìí kan tí Wisløff náà wà nínú rẹ̀ jáde. Aláìsàn ọkàn 261 ni, láti ibi mẹ́sàn-án ní Yúróòpù. Lọ́tẹ̀ yìí, sáré-sinmi ò dáa ju eré ìdárayá ìwọ̀nba lọ. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìdá 51 nínú 100 àwọn sáré-sinmi ò sáré tó bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n sáré, ìdá 80 nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe níwọ̀nba sì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ! Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí ọdún kan pé, èrè tí wọ́n rí ti lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń béèrè báyìí bóyá èèyàn á lè máa bá a lọ nílé, níbi tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló le jù.

Ewu ńkọ́? Ní Norway, wọ́n wo aláìsàn ọkàn 4,846 tó ń ṣe eré ìdárayá lábẹ́ ìtọ́jú, wọ́n sì gbé e jáde ní 2012. Ọkàn èèyàn mẹ́ta ló dúró lójijì: ọ̀kan nígbà tó ń ṣe níwọ̀nba, ó sì kú, méjì nígbà tí wọ́n ń ṣe kíkankíkan, wọ́n sì yè é. Ó kéré, àmọ́ àwọn tó mọṣẹ́ wà nítòsí wọn.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún màmá àgbà, wọ́n ní, “Ta ló ń lé mi?” Síbẹ̀ wọ́n ní kí n bá wọn kọ ìbéèrè sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì wọn. Mo kọ méjì: ṣé orúnkún wọn lè gbà á? Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò ò ní dín bí ọkàn ṣe ń lù kù, tá ò fi ní mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe jù? Màmá àgbà gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìkẹta kún un: ṣé ijó náà wà lára ẹ̀?