ÌDÍ ỌKỌ̀ TÍ Ó Ń GBÉ Ẹ́ŃJÌNNÌ: BÍ A ṢE Ń PÀÁRỌ̀ PÁKÓ RẸ̀

 Ní oṣù yìí a kò ní sọ̀rọ̀ nípa ìwé owó tàbí èlé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ìwé ẹ̀yáwó tí ó ń dé orí tábìlì mi fún àtúnṣe ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Mo fẹ́ fi tún ìdí ọkọ̀ ṣe." Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kò mọ ohun tí owó náà fẹ́ rà. Bí ẹ bá bi ẹni tí ó ń tọrọ owó náà, òun náà á ní káfíńtà ni ó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹrù wa ni ó wà nínú ọkọ̀ yìí, àwa fúnra wa náà sì ń wọ̀ ọ́ láti Ẹ̀bútè Èrò dé Ìkòròdú.

Pákó ìdí ọkọ̀ ni èyí tí ó dúró ní òòró ní ẹ̀yìn ọkọ̀, tí a fi ẹ́ńjìnnì há. Ọkọ̀ àwọn baba wa kò nílò rẹ̀, nítorí orí méjèèjì ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni ó ṣóńṣó, àjẹ̀ àti ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń tù ú. Nígbà tí Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1909, tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sì wá dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ó yá, ni ìdí ọkọ̀ di ohun tí a ń gé ní gbọọrọ. Àdúgbò wa yìí sì ti mọ òwò ojú omi tipẹ́. William McCoskry, oníṣòwò òyìnbó tí ó di adelé gómìnà Èkó ní 1861, tí irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ni àwọn ènìyàn sọ ní Apọ́nnírùngbọ̀n, òun ni ó di Apọ́ngbọ̀n lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ tí pákó yìí ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 a máa wọn nǹkan bí 70 kìlógíráàmù, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀. Tọ̀sán tòru ni ó fi rọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ ni ó le jù. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ nínú omi, ibẹ̀ ni ó ti ń ti ọkọ̀ lọ síwájú. Bí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe ń ti pákó síwájú, bẹ́ẹ̀ ni òkè rẹ̀, níbi tí kíláǹpù dì mú, ń fa pákó sẹ́yìn, bí ẹni tí ó fi ọ̀pá irin yọ ìṣó. Ẹrù tí ó wà nínú ọkọ̀, ìgbì, àti ìyára, gbogbo wọn ni ó ń gba inú pákó kan ṣoṣo yìí kọjá. Ó tún wá ní ewéko olódòdó àlùkò tí ó dé sí omi wa ní 1984 láti ìhà Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin. Bí ó bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, ẹ́ńjìnnì á já ìdí ọkọ̀ gbà lójijì. Bí pákó bá ti jẹrà, ẹ́ńjìnnì lè já bọ́ sínú ọ̀sà, kí omi sì gba ojú ibẹ̀ wọlé.

Kí ló ń jẹ pákó náà? Ọ̀pọ̀ rò pé omi iyọ̀ ni. Rárá o. Omi òjò ni ọ̀tá rẹ̀ tí ó burú jù. Olú ni ó ń mú igi jẹrà, olú náà sì ń fẹ́ omi tí kò ní iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ díẹ̀. Òjò á rọ̀ sínú ọkọ̀, á gba ojú ihò bóòtù wọ inú pákó, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ọ̀sà wa tún ní tirẹ̀: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi òkun máa ń wọlé, iyọ̀ á pọ̀, kòkòrò tí ń lu igi lábẹ́ omi á ráyè, nígbà òjò omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di omi tútù. Nítorí náà igi ìdí ọkọ̀ ní Èkó ń bá ọ̀tá méjì jà lọ́dún kan ṣoṣo.

Ẹ má fi ojú ọ̀dà wo ọkọ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù ni ìdí ọkọ̀ tí wọ́n fi páànù bò, tí wọ́n sì kan ìṣó yí ká; ó lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun ni ó kù nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn hámà kan pákó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Igi tí ó le á dún ketekete, èyí tí ó ti jẹrà á dún bò-ò bí àpótí tí a sọ aṣọ sí. Ẹ fi ọ̀bẹ gún ẹ̀gbẹ́ ihò bóòtù. Bí orí bóòtù bá ti rì wọ inú igi, tàbí tí omi dúdú ń kán láti ojú ihò lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rí ti pé. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, kí ó mì ín lọ mì ín bọ̀ nígbà tí wọn kò tíì tan án, kí ẹlòmíràn máa wo pákó. Bí pákó bá ń tẹ̀, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ gbé ẹrù mọ́.

Ó kan iṣẹ́ gan-an. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì àti táǹkì epo kúrò, kí ẹ sì gbé táǹkì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fi iná ṣiṣẹ́. Kí káfíńtà tó tú ohunkóhun, kí ó fi pákó gbòòrò kan so ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ lókè, nítorí tí ìdí bá kúrò, ẹ̀gbẹ́ á ya, kò sì ní padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà kí ó fi páálí ya àwòrán pákó àtijọ́, kí ó fa ìlà ní àárín gbùngbùn, kí ó sì wọn bí ó ṣe dagun sẹ́yìn. Káfíńtà tí ó bá fọ́ ti àtijọ́ tán kí ó tó máa wá ìwọ̀n, ẹ dá a dúró. Gbogbo igi tí ó jẹrà ni kí ó gé kúrò títí yóò fi kan èyí tí ó funfun tí ó sì le, kí ó tún fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá ibẹ̀. Kí ó wo àwọn igi àtìlẹ́yìn tí ó so ìdí mọ́ ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Pákó titun lórí àtìlẹ́yìn tí ó jẹrà, owó ẹgbẹ́ ni a dà sómi yẹn.

Irú igi wo? Ìrókò dára, ọ̀gànwó náà dára, ọpẹpẹ sì lágbára púpọ̀. Ẹ má gba arère tàbí àfàrà funfun fún ìdí ọkọ̀ bí ó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó, kíá ni olú máa ń jẹ wọ́n. Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń so gẹdú pọ̀ láti ilẹ̀ Oǹdó àti Ìjẹ̀bú gba ojú omi wá sí ibi ìlagi ní Òkò Bàbá, Ẹ̀bútè Mẹ́ta; igi tí ó ti sùn nínú omi bẹ́ẹ̀, tí wọ́n là lánàá, kò lè di gúlúù mú lónìí. Ó nílò oṣù púpọ̀ lábẹ́ òjìji, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i. Ìrókò ní òróró lára, nítorí náà kí wọ́n họ ojú rẹ̀, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì fi gúlúù sí i lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn mìíràn ń lo pílíwúùdù, kò sì burú bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ṣe fún ọkọ̀ omi. Ti àga àti ti àjà ilé á ṣí ní ìpele ìpele bí ìwé tí omi dà sí. Fún ẹ́ńjìnnì ńlá, pákó tí ó nípọn tó nǹkan bí ínṣì méjì ni a ń fẹ́. Oní-mìlímítà 18 méjì àti oní-12 kan, tí a fi gúlúù epoxy lẹ̀ pọ̀, á fún wa ní 48, ó ti tó. Epoxy yìí ni mo fara mọ́ ju omi gíláàsì tí wọ́n ń pè ní polyester lọ, nítorí èkejì kì í lẹ̀ mọ́ igi dáadáa. Kí wọ́n má fi kíláǹpù fún un títí gbogbo gúlúù á fi tú jáde o.

Ibi tí iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ojú ihò àti etí pákó. Etí ni igi fi ń mu omi, nítorí náà kí wọ́n kun ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ihò bóòtù ní ọ̀nà tirẹ̀: kí wọ́n lu ihò tí ó fẹ̀ ju bóòtù lọ, kí wọ́n fi epoxy dí i pátápátá, kí ó gbẹ, kí wọ́n wá tún lu ihò tí ó bá bóòtù mu láàárín rẹ̀. Bóòtù kò ní fojú kan igi rárá nígbà náà. Kí bóòtù jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, kí wáṣà inú sì gbòòrò. Ìṣó lásán kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ń fẹ́ ínṣì 15 láti òkè pákó dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní àárín, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń fẹ́ 20. Irin pẹlẹbẹ tí ó wà lókè abẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kí ó fi ínṣì kan rẹlẹ̀ sí i. Bí pákó titun bá ga jù, abẹ̀bẹ̀ á máa fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á pariwo láìrìn, omi tí ń tù ú lára lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì gbóná. Mo mọ àwọn tí wọ́n bú mẹkáníìkì fún àìsàn tí pákó fà.

Lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́, kí wọ́n tún bóòtù àti kíláǹpù fún. Kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. LASWA ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1997, máa ń yẹ ọkọ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá tiyín ní ipò tí ó yẹ.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ó bá ń tọrọ ẹ̀yáwó fún ìdí ọkọ̀ yóò kọ irú igi, bí ó ṣe nípọn tó, irú gúlúù àti iye bóòtù sínú fọ́ọ̀mù, káfíńtà yóò sì fọwọ́ sí i. Apá kan owó ni a ó kọ́kọ́ san fún igi. Ìyókù yóò jáde nígbà tí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ bá ti rí ìdí ọkọ̀ náà kí wọ́n tó kùn ún ní ọ̀dà. Ẹ̀yin onídùúró náà lè bá wọn lọ, ẹ mú hámà dání.